Eyín Méjìdínlógún

Jíà mọ́kànlélógún ni wọ́n ní ó ní
lọ́jọ́ tí mo rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń kó tòkunbọ̀ wá láti Kútọnu.
Mẹ́ta níwájú, méje lẹ́yìn.
Ọdún mẹ́rin ni mo fi gùn ún,
n kò lò ju mẹ́ta lọ,
ọ̀kan nínú mẹ́ta ọ̀hún, kì í ṣe èmi ni mo yàn án,
òun ló máa ń fò síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìwé ìròyìn ni mò ń tà.
Aago márùn-ún àbọ̀ ni mo ti ń kó o ní Sápọ́n,
kí oòrùn tó jókòó sórí páànù Ìjẹmọ̀ tó ti dógùn-ún
mo ti gun Ìtòkò, mo ti sọ̀ ọ́.
Àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Agẹmọ,
òjò ti sọ òkúta di ọṣẹ,
mo dé ìdajì òkè, mo tẹ jíà kí ó rọ̀,
ó dún kà-kà-kà bí arúgbó tó ń wá ọ̀rọ̀ tó sọnù lẹ́nu,
ṣéènì já bọ́, ẹsẹ̀ mi tẹ òfìfo,
ọgọ́ta ìwé ìròyìn bá àgbàrá lọ sí ọ̀nà Sókorí.
Àgbàrá ló kọ́kọ́ ka ìròyìn ọjọ́ náà.

Mo gbé e lọ bá Ṣóbọ̀wálé ní Ìkẹ̀rẹ̀kú,
ẹni tó fi ẹ̀gbẹ́ àpáta ṣe ògiri ṣọ́ọ̀bù.
Mo ní, "Tú gbogbo rẹ̀. Fi ẹyọ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún mi."
Ó wò mí, ó wo òkè tó wà lẹ́yìn mi,
ó ní, "Nínú Abẹ́òkúta yìí?"

Ó tẹ́ ìwé ìròyìn àná tí n kò rí tà sílẹ̀,
ó ń tú wọn lé e lórí:
ọwọ́ jíà méjì, wáyà méjì tó ti gan nínú rọ́bà,
àwo ńlá, àwo kékeré,
apá irin tó máa ń ti ṣéènì láti àwo dé àwo.
Gírísì bo ojú olóṣèlú kan tó ń rẹ́rìn-ín.

Èwo wá ni ká dá sí lẹ́yìn?
Àwo kékeré yá lórí ilẹ̀ títẹ́, ó ń pa orúnkún lókè.
Àwo ńlá ń gun òkè bí ewúrẹ́,
ṣùgbọ́n tí ọ̀nà bá tẹ́ ní Òkè-Ìléwó
ẹsẹ̀ á máa sáré, kẹ̀kẹ́ á máa fà bí ìgbín.
Ó kọ́kọ́ fi eléyín mẹ́rìndínlógún sí i,
mo dé ìsàlẹ̀ Ìtòkò, èémí mi tán.
Ó fi ológún sí i,
ọmọ ilé-ìwé kan fẹsẹ̀ rìn, ó yà mí sílẹ̀.
"Méjìdínlógún," ó ní,
ó ń fi èékánná ka eyín náà lọ́kọ̀ọ̀kan
bí ìyá tó ń yẹ ẹnu ọmọ wò.

Ó gé ṣéènì. Ó ṣì gùn jù.
Ó yọ ẹyọ kan sí i, kò kàn mọ́.
Ihò tí irin àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń wọ̀ lára férémù dúró ṣánṣán,
kò gbà ká fà á sẹ́yìn.
A jókòó. A jẹ ẹ̀pà.
Ó wá na ọwọ́ sórí ìwé ìròyìn,
ó mú apá irin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ,
ó dá a padà sípò, ó fi bóòtù dè é pinpin, ó sọ fún un pé:
"O ò ní ti ẹnikẹ́ni kiri mọ́. Dúró síbí, kí o máa di ṣéènì mú."
Ẹni tí a lé lọ́sàn-án, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ó ti di oṣù karùn-ún.
Ní ìdagẹ̀rẹ̀ Kútọ̀ mo máa ń jókòó jẹ́ẹ́, ẹsẹ̀ mi á dúró,
fíríwíìlì á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nídìí mi.
Ní Ìtòkò mo máa ń dìde dúró lórí pẹ́dà,
ìgbà mìíràn, tí ìwé bá wúwo,
tí orúnkún òsì bá rántí ọjọ́ orí rẹ̀,
mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń tì í.
Ìyá Mọ́rẹ̀nikẹ́ tó ń ta kẹrosíìnì á ní,
"Oníwèé, jíà kelòó nìyẹn?"

Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún mi nìkan ni kò tíì gbọ́.
Bí òkè bá ti yọjú, á na ara rẹ̀,
á máa wá ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀,
á tẹ afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.